Ẹ Fò Lórí Gọ́tà Wa, Inú Rẹ̀ Náà Lẹ Ó Sọ̀ Sí

Òjò ká mi mọ́ abẹ́ ìbòrí ṣọ́ọ̀bù kan ní University Road, ní Akọka níhìn-ín, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kì í ṣe òjò winniwinni o, òjò tó ń lu páànù bí ẹni ń lu bàtá ni. Kò pẹ́ kò jìnnà, gọ́tà kún, ó ya bo títì, ike àti ọ̀rá omi sì ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn lọ sọ́nà ọ̀sà. Danfo mẹ́ta tò síwájú wa, kò sí èyí tó lè lọ síwájú, kò sí èyí tó lè padà sẹ́yìn. Àwa bíi mẹ́sàn-án la fún ara wa pọ̀ sábẹ́ ìbòrí náà: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì, òṣìṣẹ́ tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, màmá kan tó ń sun àgbàdo tí òjò ti pa iná rẹ̀, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò yé wo fóònù ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ló na fóònù náà sí mi. Ó ní, "Ẹ wò ó, bọ̀dá, tákísí tó ń fò nìyí o. Àwọn òyìnbó ti ṣe é. Tó bá fi lè dé Èkó báyìí, Ìkẹjà sí Victoria Island, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni. Gósílóò parí nìyẹn!"

Kí n tó lanu, màmá alágbàdo ti dá a lóhùn: "Ọmọ mi, ṣé nínú irú òjò yìí náà ló ti máa fò?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rí èsì fọ̀. Èmi náà kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni kí n máa tú ìdí ọ̀rọ̀ wò, mo sì ti tú ìdí èyí. Èsì tó tọ́ sí màmá yẹn ni pé, rárá o, kò ní í fò. Bó bá sì wá ṣe agídí tó fò, ẹ bá wa gbàdúrà fún àwọn tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ má sì gbàgbé àwa tá a wà nísàlẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Àwọn olówó ìlú yìí, àti púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe ìjọba lé wa lórí, ti gbà lọ́kàn ara wọn pé bí ilẹ̀ Èkó bá le, òfuurufú wà. Wọ́n rò pé ẹni tó bá lówó lè fò kọjá gọ́tà tí kò ṣàn, kí ó fò kọjá sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, kí ó sì fi àwa tó kù sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Irọ́ gbuu ni. Òjò tó ń dí títì mọ́ wa náà ló ń dí òfuurufú mọ́ wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá nílò tákísí yìí jù lọ gan-an ni ọjọ́ tí kò ní í lè gbéra. Ẹ wá sọ fún mi, irú àgbòjò wo ni èyí tí kì í ṣí lọ́jọ́ òjò?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí à ń sọ, nítorí kì í ṣe gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Oríṣi méjì ni tákísí òfuurufú. Èkíní ni hẹlikópítà tí a ti mọ̀ tipẹ́, tí àwọn ilé iṣẹ́ epo fi ń kó òṣìṣẹ́ lọ sórí òkun, tí àwọn ọlọ́lá sì máa ń háyà nígbà tí wọn kò bá fẹ́ bá wa jókòó lórí Afárá Third Mainland. Èkejì ni tuntun tó wà nínú fóònù ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Ó dà bíi lámilámi, abẹ̀bẹ̀ kéékèèké pọ̀ lára rẹ̀, bátìrì ló sì ń gbé e fò. Ilé iṣẹ́ Joby ti Amẹ́ríkà ń ṣe é, ní oṣù kejì ọdún 2024 ni wọ́n bá Dubai tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn ni yóò máa fi í kó èrò níbẹ̀. EHang ti ilẹ̀ Ṣáínà ń ṣe é, tiwọn kò tilẹ̀ ní awakọ̀ nínú rárá, ìjọba wọn sì fún un níwèé àṣẹ ní 2023.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ló rí i ṣe. Uber bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2016, nígbà tó di 2020, wọ́n ti gbé e tà fún Joby. Volocopter ti Jámánì ní àwọn yóò fi tiwọn gbé èrò nígbà Òlíńpíìkì Paris ní 2024. Òlíńpíìkì dé, Òlíńpíìkì lọ, kò sí èrò kan tó sanwó wọ̀ ọ́. Kí ọdún náà tó parí, gbèsè ti wọ́ ilé iṣẹ́ náà dé kóòtù, Lilium tó jẹ́ ará Jámánì bíi tirẹ̀ sì ti bọ́ sínú irú gbèsè bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni tó bá ń dán nǹkan tuntun wò kò lè ṣàì ṣubú. Ohun tí mo ń wí ni pé níbi tí iná kì í ti í lọ, níbi tí gọ́tà ti ń ṣàn, ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ kan ni wọ́n ṣì ń gbé.

Dubai tí mo dárúkọ yẹn ńkọ́? Ìlú tí òjò kì í sábà rọ̀ sí nìyẹn. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 2024, ìyẹn oṣù kejì sí ìgbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, òjò ńlá kan rọ̀ lé wọn lórí, omi kún pápákọ̀ òfuurufú wọn dé bi pé bàálù ńláńlá ń rìn nínú omi bí ọkọ̀ ojú omi, ìrìn àjò sì dàrú fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn. Òjò ọjọ́ kan péré ló ṣe é. Ẹ wá jẹ́ ká bọ̀ sí Èkó, níbi tí òjò ti ń gbé pẹ̀lú wa bí àna tó wá kí ni tí kò fẹ́ lọ mọ́.

Bí oṣù kẹta bá ti ń parí lọ, òjò àkọ́rọ̀ yóò dé. Bàbá apẹja kan wà létí omi Ìlàjẹ, ní Bàrígà, tí mo máa ń bá sọ̀rọ̀. Baba yìí sọ fún mi pé kì í ṣe rédíò lòun ń gbọ́ kí òun tó wọ omi, ìlà-oòrùn lòun ń wò. Ó ní, "Bó bá ti dúdú lọ́hùn-ún, tí atẹ́gùn sì dákẹ́ lójijì, ọmọ mi, má ka iye ẹja mọ́. Gbé àjẹ̀ rẹ, máa bọ̀ nílé." Ohun tí baba fi ojú lásán rí yìí náà ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ fi ẹ̀rọ rí. Ìjì òjò tiwa láti ìlà-oòrùn ló ti ń wá, ìwọ̀-oòrùn ló ń lọ. Ẹ̀fúùfù ni yóò kọ́ dé, òjò yóò tẹ̀lé e. Ẹ̀fúùfù ọ̀hún kì í sì í fẹ́ gba ojú kan. Láti inú ìkùukùu lókè ló ti ń já wá sílẹ̀, bó bá kanlẹ̀, a fọ́n káàkiri bí ìgbà tí èèyàn da garawa omi sórí símẹ́ńtì. Bàálù tó bá ń bọ̀ wá balẹ̀ lásìkò náà, atẹ́gùn tó pàdé rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbé e sókè, inú awakọ̀ á dùn. Kó tó ṣẹ́jú, atẹ́gùn náà á yí padà, a bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti sún mọ́ ọn jù, ó parí.

A kò tíì gbàgbé, ó kéré tán, èmi kò tíì gbàgbé. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá 2005, bàálù Sosoliso já ní Port Harcourt nínú òjò àti irú ẹ̀fúùfù bẹ́ẹ̀. Èèyàn 110 ló wà nínú rẹ̀, 108 ló kú, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Loyola Jesuit tí wọ́n ń lọ ṣe Kérésì lọ́dọ̀ òbí wọn sì pọ̀ nínú wọn. Ọdún kan kò pé sí i, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá 2006, bàálù ADC gbéra l'Ábùjá nígbà tí ìjì ń bọ̀, ó já, ó pa Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, pẹ̀lú àwọn mìíràn tó lé ní 90. Àwọn tó wádìí rẹ̀ sọ pé awakọ̀ ló pinnu láti gbéra nínú ojú ọjọ́ tó mọ̀ pé kò dára. Bàálù ńláńlá nìwọ̀nyẹn o, tó wúwo, tó ń lo pápákọ̀ tó gùn gbọọrọ, tí àwọn tó wà nílé ìṣọ́ sì ń bá sọ̀rọ̀. Kí la fẹ́ kí lámilámi oníbátìrì ṣe, èyí tí wọ́n ní yóò máa balẹ̀ sórí òrùlé ilé alájà mẹ́wàá? Ẹni tó bá ti rìn láàárín àwọn ilé gíga Marina lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ mọ bí atẹ́gùn ṣe máa ń fún ara rẹ̀ gba àárín ilé méjì, tí yóò já fìlà gbà lórí èèyàn. Ibi tí wọ́n fẹ́ kí tákísí yìí máa balẹ̀ sí gan-an nìyẹn.

Oṣù kẹfà àti oṣù keje, n kò ní í fi wọ́n pẹ́ ẹ, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Ẹ rántí ọjọ́ Sunday, 10 oṣù keje 2011, tí òjò rọ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, tí omi wọlé onílé, tó sì gbé èèyàn lọ. Oṣù kẹjọ tí a ní òjò máa ń sinmi ńkọ́? Òjò lè sinmi, ìkùukùu kì í sinmi. A wálẹ̀, a bo ọ̀sà, ọjọ́ á dágùdẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, òjò àrọ̀kúrò pẹ̀lú ìjì rẹ̀ á tún dé.

Bí òjò bá wá lọ, ọyẹ́ ń kọ́? Eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà lókè lọ́hùn-ún ni atẹ́gùn ń gbé wá, tó ń bo gbogbo ojú ọ̀run bí aṣọ fúnfun tó ti pọ́n. Pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà ní ẹ̀rọ tó ń fa bàálù lọ́wọ́ wá sílẹ̀ nígbà tí ojú kò bá ríran jìnnà, síbẹ̀ ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ bàálù mọ iye ìgbà tí ẹ ti sùn sórí àga nítorí ọyẹ́. Lórí òrùlé báǹkì tàbí òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rọ wo ló wà níbẹ̀? Eruku kò tilẹ̀ ní láti ti Sàhárà wá kó tó ṣe ọṣẹ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì 2019, hẹlikópítà tó gbé igbákejì Ààrẹ nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Òṣínbàjò, lọ sí Kàbà, fẹ́ balẹ̀ sórí pápá gbígbẹ. Atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbọn eruku dìde, tó fi bo ojú awakọ̀. Awakọ̀ kò rí ilẹ̀ mọ́, hẹlikópítà ṣubú. Ọlọ́run ló kó wọn yọ, ẹnikẹ́ni kò kú. Igbákejì Ààrẹ lẹni tó wà níbẹ̀ o, pẹ̀lú àwọn awakọ̀ tó mọṣẹ́.

Kò tán síbẹ̀. Ooru oṣù kejì àti ìkẹta tó ń sun wá bí iṣu náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ wọn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, abẹ̀bẹ̀ kì í sì í rí i gbá mú dáadáa, nítorí náà agbára púpọ̀ ni yóò lò kó tó lè gbéra. Bátìrì fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ooru. Bí atẹ́gùn bá sì kọjú sí i, iná inú rẹ̀ á máa tètè tán, bíi ti fóònù tí ọmọdé fi ń wo fíìmù. Lórí ilẹ̀, bí bátìrì ọkọ̀ bá kú, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó tì í. Ta ni yóò ti èyí?

N kò sọ pé ojoojúmọ́ lojú ọjọ́ Èkó ń burú. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, òpùrọ́ ni. Ọ̀pọ̀ àárọ̀ wà tí ọ̀run mọ́ gaara, tí ọ̀sà dákẹ́ bí omi inú àwo, tí hẹlikópítà ń gba orí wa kọjá ní Akọka tí a kò tilẹ̀ gbójú sókè wò ó mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ́ pè ní tákísí, ó yẹ kí a lè gbára lé e. Danfo tó burú jù lọ ní Ṣómólú, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tì, tí páànù rẹ̀ ń jò, ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ òjò. Ó lè pẹ́, ó lè fi omi wẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n yóò gbé ọ délé.

Mo wá dé ibi tó dùn mí jù. Ọ̀pọ̀ hẹlikópítà tó ń gbé olówó kiri, ojú lawakọ̀ fi ń rí ọ̀nà. Òfin wà pé bí ojú kò bá ti ríran jìnnà tó, kí wọ́n má gbéra, bó bá sì ká wọn mọ́ òkè, kí wọ́n padà tàbí kí wọ́n wá ibi balẹ̀ sí. Ìdí rẹ̀ ni pé etí ọmọ ènìyàn, tí a fi ń mọ̀ bóyá a dúró tàbí a tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, máa ń parọ́ fún un nígbà tí kò bá rí ilẹ̀ mọ́. Ó lè máa yí bọ̀ sílẹ̀ kí ara rẹ̀ sì máa sọ fún un pé òkè ló ń lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní 2020, ní Calabasas ní California, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí hẹlikópítà tó gbé Kobe Bryant, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, nìyẹn. Awakọ̀ wọnú kùrukùru, ó ń sọ fún àwọn tó wà nílẹ̀ pé òun ń gòkè kọjá ìkùukùu, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án ló kú, Kobe àti ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́tàlá wà nínú wọn.

Kí ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìyẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kejì 2024, ní aṣálẹ̀ Mojave, ní California kan náà, hẹlikópítà tó gbé ọ̀gá báǹkì wa Herbert Wigwe já. Ó kú, ìyàwó rẹ̀ kú, ọmọkùnrin rẹ̀ kú, Abímbọ́lá Ògúnbánjọ tó ti ṣe alága ọjà ìpín ìdókòwò wa kú, àwọn awakọ̀ méjèèjì kú. Òjò àti yìnyín ń rọ̀ lálẹ́ náà. Àjọ NTSB ti Amẹ́ríkà wádìí rẹ̀, ohun tí wọ́n sì rí kò yàtọ̀ sí ti Calabasas: awakọ̀ fi ojú lásán wọnú ojú ọjọ́ tí ojú lásán kò lè ríran nínú rẹ̀. Gbogbo Èkó ló sunkún ọkùnrin yẹn. Èmi náà sunkún. Kí ni ẹkún náà kọ́ wa? Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ nípa àyànmọ́, nípa ayé, nípa ọ̀tá ilé. Ojú ọjọ́ ló yẹ ká sọ̀rọ̀ lé lórí.

Nínú ọ̀ràn ti Kobe, ohun kan wà tí àwọn olùwádìí sọ tó yẹ kí gbogbo ọ̀gá tó ń háyà hẹlikópítà kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọn kò rí i pé ẹnikẹ́ni fipá mú awakọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fipá mú ara rẹ̀, nítorí kò fẹ́ já oníbàárà rẹ̀ kulẹ̀. Ní Amẹ́ríkà nìyẹn, níbi tí wọn kì í ti í pariwo mọ́ awakọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níbí ńkọ́? Nínú danfo, bí òjò bá ń rọ̀, èrò ni yóò máa ké pe, "Dírẹ́bà, rọra o! A ò kánjú o!" Ẹni tó háyà hẹlikópítà kì í sọ pé kí wọ́n rọra. Ó ní ìpàdé. Gómìnà ń dúró dè é. Òde ìgbéyàwó ti bẹ̀rẹ̀. Owó tó san pọ̀. "Òjò kékeré yìí náà? Ẹ jẹ́ ká lọ jàre!" Ẹ̀yin ẹ fi ara yín sípò ọ̀dọ́mọkùnrin awakọ̀ tó ń sanwó ilé, tó ń sanwó ilé ìwé ọmọ, tí bọ̀rọ̀kìnní dúró tì pẹ̀lú agbádá àti ẹ̀ṣọ́. Ṣé yóò lè sọ pé, "Ẹ má bínú sà, a ò lọ"? Bó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣé iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣì wà lóṣù tó ń bọ̀?

Bẹ́ẹ̀, àwọn tó wọ̀ ọ́ nìkan kọ́ ló ń fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 2015, hẹlikópítà tó ń ti orí òkun bọ̀ já sínú ọ̀sà ní Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí, tòsí wa níhìn-ín gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Afárá Third Mainland parí sí. Èèyàn méjìlá ló gbé, mẹ́fà kú. Tèyí kì í ṣe ẹjọ́ ojú ọjọ́, nǹkan ìdarí tó já nínú rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ 2020, òmíràn tó ń ti Port Harcourt bọ̀ já sáàárín ilé ní Opebi, n'Íkẹjà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Bí ẹ bá rí ibi tó já sí, láàárín ògiri sí ògiri, ẹ ó mọ̀ pé orí ló kó àwọn tó ń gbé ibẹ̀ yọ. N kò di èyí ru òjò. Ohun tí mo ń sọ ni pé hẹlikópítà méjì péré nìwọ̀nyí, láàárín ọdún márùn-ún. Ẹ wá fi ogún, fi ọgbọ̀n lámilámi sí òfuurufú kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ fi ìjì òjò àkọ́rọ̀ lé e lórí. Ní Bàrígà, òrùlé kan mọ́ òrùlé kejì. Kò sí pápá tí awakọ̀ tó ń wá ibi balẹ̀ sí yóò rí. Àfi ọ̀sà, àfi orí wa.

Àwọn kan á sọ pé mo ń ṣe ìlara. Wọ́n á ní, "Ṣebí wọ́n ń fò ní São Paulo, wọ́n ń fò ní New York?" Òótọ́ ni. Ní São Paulo, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ń ti orí òrùlé kan fò lọ sí orí òrùlé kejì. Airbus tilẹ̀ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Voom, tí èèyàn lè fi fóònù pe hẹlikópítà bí ẹni pe tákísí, kó tó di pé wọ́n tì í pa ní 2020. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, lọ́jọ́ tí ìjì bá jà ní New York, kí ni olówó tí hẹlikópítà rẹ̀ kò lè gbéra ń ṣe? Yóò sọ̀ kalẹ̀ wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ bíi gbogbo èèyàn, yóò sì dé ibi tó ń lọ. Olówó tiwa, bí hẹlikópítà rẹ̀ kò bá lè gbéra, kí ni yóò sọ̀ sí? Gọ́tà tí kò jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ni. Gbogbo ọjọ́ tó fi ń fò kọjá lórí rẹ̀, kò kàn án. Lọ́jọ́ òjò, yóò bá wa nínú rẹ̀, nínú jíìpù rẹ̀ tí omi ti wọ ẹ́ńjìnnì.

Kì í ṣe pé a kò mọ ohun tó yẹ ká ṣe. Nígbà tí rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina lọ sí Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án 2023, inú mi dùn bí ọmọdé. Red Line náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2024, ó gba Yábàá níbí kọjá. Àwọn wọ̀nyí ń rìn nínú òjò. Èrò tí ọkọ̀ ojú irin kan ń gbé lẹ́ẹ̀kan, lámilámi elérò mẹ́rin yóò lọ, yóò bọ̀ títí iná inú rẹ̀ yóò fi tán kó tó gbé wọn tán. Ibi tó yẹ kí owó ìlú lọ nìyẹn, àti sínú gọ́tà, àti sí èbúté ọkọ̀ ojú omi. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi náà ń bẹ̀rù ìjì, baba apẹja mi ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lójú omi lè yà sí èbúté tó bá sún mọ́ ọn. Ta ló ń yà sí ẹ̀gbẹ́ kan lójú ọ̀run?

Bí àwọn aládàáni bá wá ní dandan, owó àwọn ni, àwọn fẹ́ fò, èmi kọ́ ni n ó dá wọn dúró. Àmọ́ mo ní ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu NCAA tó ń fúnni ní àṣẹ, lẹ́nu NiMet tó ń wo ojú ọjọ́, àti lẹ́nu ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, kí wọ́n tó fọwọ́ sí òrùlé kan ṣoṣo. Ṣé ẹ̀rọ tó ń wọn atẹ́gùn àti bí ojú ṣe ríran jìnnà tó yóò wà lórí òrùlé náà fúnra rẹ̀, àbí Ìkẹjà ni wọn yóò ti máa méfò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Marina? Awakọ̀ tó bá sọ pé òun kò lọ nítorí òjò, òfin wo ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ọ̀gá kò fi ní í lé e? Èrò tí òjò bá dá dúró, ṣé wọn yóò dá owó rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀, kí ojú owó má baà máa ti awakọ̀ lẹ́yìn? Ọ̀nà wo ni wọn yóò máa gbà, ojú ọ̀sà ni tàbí orí ilé wa? Bó bá sì jẹ́ ojú ọ̀sà, ọkọ̀ ìdóòlà wo ni yóò máa dúró ní Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí, tí kò ní í jẹ́ pé àwọn apẹja wa ni a ó tún máa sáré pè? Ẹ má fi ìpàdé oníjó àti fọ́tò dá mi lóhùn. Ìwé ni mo fẹ́ rí, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ síta níbi tí gbogbo wa ti lè kà á.

Òjò ọjọ́ náà kò dá títí aago mẹ́jọ fi lù. Màmá alágbàdo kó àwọn àgbàdo tó ti tutù sínú ọ̀rá, ó fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kó máa fi jẹ nígbà tó bá ń fò. A tún rẹ́rìn-ín. Mo tẹ ṣòkòtò mi sókè, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, omi náà sì dé orúnkún mi. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Bí ọ̀gá kan bá fẹ́ wá fojú ara rẹ̀ rí i, kò ní láti háyà nǹkan tó ń fò. Kó wọ danfo Akọka ní Yábàá, kó sọ fún kọ́ńdọ́ pé iwájú omi ni òun ń lọ. Wọ́n á mọ ibi tí wọ́n á já a sílẹ̀.